Ìbéèrè Tí Mo Tẹ̀ Lódì Nínú Géèmù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ ti mókun? Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, kì í sì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló fà á.

O rántí géèmù kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún àtúnyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, èyí tí mo fún ọ ní ẹ̀dà rẹ̀ fún kíláàsì tìrẹ. Bí ọmọ bá gba ìbéèrè, ọkọ̀ rẹ̀ á sáré. Bó bá ṣì í, ọkọ̀ á já sí kòtò. Ọ̀ọ́dúnrún ìbéèrè ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀. Àwọn ọmọ tó máa ń sùn lé ìwé lórí wá ń bẹ̀ mí kí n má tíì pa kọ̀ǹpútà. Àní mo ń fi yangàn láàárín àwọn olùkọ́.

Ọmọ wẹ́dà kan wà ní kíláàsì mi, ọmọbìnrin ni, Lọ́yà ni wọ́n ń pè é torí iyàn jíjà. Ìbéèrè kan bi wọ́n pé níbo ni ìró ti ń yára rìn jù: nínú afẹ́fẹ́, nínú omi, àbí nínú irin? Ó mú irin. Ọkọ̀ rẹ̀ já sí kòtò, àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tún mú irin. Ó ní, "Mà, mo ti gbé etí lé ọgbà onírin gígùn tó wà níbi iṣẹ́ bàbá mi rí. Bí wọ́n bá gbá a lọ́hùn-ún, inú irin ni mo ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ." Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó yéé bá mi jiyàn, pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń mú afẹ́fẹ́.

Àbúrò mi, irin ni. Èmi ni mo tẹ ìdáhùn lódì. Àfọwọ́fà mi ni.

Èsì ìdánwò àtiwọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àádọ́ta máàkì ni wọ́n ń béèrè. Lọ́yà gba mọ́kàndínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n dá ìwé ìdáhùn padà, mo rí ìbéèrè yẹn níbẹ̀, gbogbo kíláàsì mi ló sì kọ afẹ́fẹ́. Àwọn yòókù ní máàkì tó gbé wọn kọjá. Lọ́yà ti kọ́kọ́ kọ irin, ó wá fagi lé e.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń máàkì, kí ọmọ náà dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo pe Lọ́yà, mo bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé á bínú. Ó kàn ní, "Mà, mo mọ̀ pé irin ni. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́." Ojú gbà mí tì.

Jọ̀wọ́, ìdánwò àwọn ọmọ tìrẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tún ìbéèrè yẹn ṣe kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan géèmù náà. Bí ọmọ kan bá sì bá ọ jiyàn, dákun, kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.

Ọlọ́run á fún ìwọ àti ọkọ rẹ lókun. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní ṣe ọmọ ọlọ́mọ níbi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Mo ti kó gbogbo ìbéèrè náà fún Lọ́yà kó bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Ó ti rí méjì míì, nọ́ńbà kọkànlélógún àti nọ́ńbà ọgọ́rin. Mo yẹ ìwé wò; òun ló tọ̀nà.