Igi Obì Bàámi Tí Mo Fi Abẹ Ha Kúrò

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti inú òtútù Lọ́ńdọ̀nù tí mo wà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Bánjọ, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Mò ń gbàdúrà sí i.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dá ló ń kà wọ́n fún yín, ibi tó bá sì dùn nìkan ni wọ́n ń kà. Mo mọ̀, nítorí pé nínú èsì tí ẹ ní kí wọ́n kọ sí mi, oúnjẹ àti ìyàwó nìkan lẹ bi mí. Ẹni yòówù tó bá ń ka èyí fún yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má fo ìlà kankan.

Iṣẹ́ mi ò yí padà. Àwòrán ilé náà ni mò ń yà ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tábìlì mi wà, òjò wẹliwẹli ni mo sì ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kíni níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kí ìyá arúgbó kan nínú bọ́ọ̀sì, ló bá gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, olówó kan láti ilé wọlé tọ̀ wá. Ó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí ẹ̀yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá òyìnbó ayé àtijọ́ ń gbé ní oko wọn. Ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ náà fún mi nítorí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Orí mi wú! Màmá, mo ya ilé. Òpó ńláńlá mẹ́jọ níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilé wa lọ. Àtẹ̀gùn mábù, gbọ̀ngàn ijó, yàrá sinimá, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ilé ẹṣin. Ó tún ní òun fẹ́ yàrá onígi kan tí wọ́n á máa fi iná mú gbóná, kí èèyàn lè jókòó síbẹ̀ kó làágùn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń sanwó kó tó làágùn ní Ìjẹ̀bú?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwòrán ilẹ̀ náà dé láti ọwọ́ àwọn awọnlẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo rí ọ̀nà Odogbolu. Mo rí odò kékeré tó wà lẹ́yìn, mo rí pèrègún ààlà. Mo rí igi mọ́kànlá tí wọ́n yà ní róbótó, ọ̀wọ́ méjì, mẹ́fà níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, àyè ìkejìlá tí àrá sán pa sì ṣófo. Igi obì Bàámi ni. Oko wa ni.

Mo sáré tẹ Bọ̀dá láago níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní lóòótọ́ ni, ẹbí ti ta ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ni àwọn tà. Wọ́n ní ta ló ń ta igi mọ́ ilẹ̀? Ṣebí láyé Bàámi, ẹni tó ra ilẹ̀ ra ilẹ̀ ni, ẹni tó gbin igi ló ń ká èso rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ìwé títà ilẹ̀ tí olówó náà kó wá fún wa wà níwájú mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ pé ilẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bọ̀dá ti fọwọ́ sí i láì béèrè ohunkóhun, kí lọ́yà má baà rò pé àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sunkún, Màmá, odidi àgbàlagbà ọkùnrin. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò gbà á láti sọ fún yín pé obì tí ẹ ń lọ ká ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe tiyín mọ́.

Mo gbìyànjú. Mo sún ilé náà sẹ́yìn, mo gbé adágún sí ẹ̀gbẹ́ odò, mo fi àwọn igi náà ṣe ibòji iwájú ilé. Olówó wa wò ó, ó ní kí ni òun fẹ́ fi igi obì ṣe? Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Odogbolu máa rí òpó òun. Mo ní bàbá mi ló gbìn wọ́n. Ó ní ẹ kú aráfẹ́rakù. Ọ̀gá mi sì ní bí mi ò bá lè yà á, ẹlòmíì á yà á. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí ni ìwé ìgbélùú mi so mọ́.

Pépà tí a ń lò fẹ́lẹ́, yíǹkì kì í parẹ́ lórí rẹ̀. Abẹ ìfárùngbọ̀n la fi ń ha á, díẹ̀díẹ̀, kí pépà má baà ya. Mo ha wọ́n kúrò, Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Èyí tó wà lẹ́bàá odò, tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ pa obì, ni mo fi kẹ́yìn. Mo ya koríko sí ojú ibẹ̀. Ọ̀gá mi yìn mí pé ọwọ́ mi mọ́. Èmi tí ẹ ní kí n fẹ́ yín lójú, ata ni mo fi sẹ́nu.

Katakata tó máa hú àwọn igi náà á dé kí Kérésì tó dé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ mú Bọ̀dá dání lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ẹ ká gbogbo èyí tó bá ti gbó, kí ẹ sì má padà lọ mọ́. Mi ò fẹ́ kí maigádì kan máa lé ìyá mi bí olè nídìí igi ọkọ rẹ̀. Ẹ má bá Bọ̀dá jà, wọn ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì yà á.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó fún yín lókun, kó má jẹ́ kí ojú wa tún rí irú èyí mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ọmọ yín tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya ilé onílé sórí oko bàbá rẹ̀,

Ṣẹ̀san.