Ìran Tí Mi Ò Rí Ló Pa Ìwé Ọmọ Mi Dé

Mi ò mọ̀wé kà. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ibẹ̀ gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ ń yí i ká, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Mo mọ A, mo mọ B, mo mọ D, mo lè kọ orúkọ mi tí ẹ bá ní sùúrù fún mi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ìwé síwájú mi pé kí n kà á, èèrà ni mò ń rí tó ń tò lọ. Ọkùnrin tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kò mọ̀ mí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ mọ́tò láti Ìdànrè wá bá a. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kó máa kọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò wa l'Ódòde ni mo ti máa ń gbọ́ ojú ewé yín yìí nínú ìwé ìròyìn, ọ̀gá télọ̀ á máa kà á sókè, gbogbo àwa tá a wá gba aṣọ á máa dá sí i, èmi gan-an ni mo sì máa ń pariwo jù, mo máa ń bú àwọn tó ń kọ̀wé sí yín pé kí ló dé tí wọn ò tètè sọ òtítọ́, ṣé ẹnu wọn wú ni... ẹ wò mí lónìí.

Ọkọ mi mọ̀wé ní tiẹ̀. Òun ni akọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó ní Aládé. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ́lá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá ìyàwó fún ọkọ mi, ó ní obìnrin tó mọ̀wé lòun fẹ́, ẹni tó máa lè mójú tó ẹ̀kọ́ ọmọ òun. Àǹtí mi ló dá wọn lóhùn pé mo jáde ìwé mẹ́fà. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọ Aládùúrà la wà, láti kékeré sì ni mo ti há gbogbo Sáàmù tá a máa ń lò sórí, tí mo bá ṣí Bíbélì, tí mo tẹjú mọ́ ọn, tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi rí i pé mi kì í fọwọ́ kan ìwé ìròyìn, mo ní ojú ló ń dùn mí, ló bá lọ ra gíláàsì fún mi. Ojú mi tó dá ṣáká! Gíláàsì yẹn ló sọ ọ́ di bàìbàì.

Bọ́lá ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò bímọ, Ọlọ́run ò fún mi, òun nìkan ló ń pè mí ní màámi. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ìjọba ti sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́, kíláàsì ti kún àkúnya, tíṣà ò tó, ọmọ tí kò bá lẹ́ni tó ń bá a ṣe é nílé, ẹ̀yìn ló máa wà. Láti Form One ni Bọ́lá ti máa ń ka nóòtù rẹ̀ tán, á wá gbé e lé mi lọ́wọ́, á dojú kọ ògiri, á ní kí n máa wò ó lọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ lórí ní gẹ̀ẹ́sì. Èmi á máa fi ìka tọ ojú ewé lọ, màá máa mi orí. Mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. Tí ohùn yẹn bá ń já geere, màá ní ó pé. Tó bá ti ń fà, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé nínú ẹrẹ̀, mo ti mọ̀ pé kò dá a lójú, màá ní kó padà sẹ́yìn díẹ̀, á padà, á mú ìwé lọ́wọ́ mi, á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á ní ojú màámi òun mú o. Ọmọ yìí sì ń ṣe dáadáa! Lára àwọn tó ń léwájú ní kíláàsì ni, Form Five ló wà báyìí. Àwọn ìyá ọmọ ẹlòmíì ń wá bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, èmi náà á wọ gíláàsì, màá máa ṣàlàyé. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́?

Nígbà tí Àjíǹde kù díẹ̀, Àpólò wọ Ìdànrè. Ẹ̀yin náà mọ àrùn ojú yẹn, ilé ìwé ni Bọ́lá ti kó o bọ̀. Ojú wú, ipin dì í pa, ó pọ́n bí epo, ọmọ ń sunkún pé oṣù kẹfà ni School Cert, òun ò tíì padà sórí nóòtù Biology, òun ò tíì fọwọ́ kan History. Mò ń fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú fún un, mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ni bàbá rẹ̀ bá wọlé, ó ní kí ló ń pa á lẹ́kún, ṣé màámi rẹ̀ fọ́jú ni? Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni màá máa ka nóòtù sí i létí títí ojú rẹ̀ á fi là. Ó tún ní òun náà á jókòó tì wá, ìgbà kòkó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ òun dilẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti gbọ́ bí mo ṣe ń ka gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbà mí o! Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mò ń gbàdúrà kí òjò wó ilé lé wa lórí.

Wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi náà jáde wá jókòó. Bọ́lá fi aṣọ tútù bo ojú, ó na etí sílẹ̀. Mo wọ gíláàsì, mo ṣí ìwé. Mo fẹ́ sọ pé orí ń fọ́ mi, ẹnu mi ò là. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó dé èjìká, ó dé orúnkún, eyín mi ń lu ara wọn, òógùn bò mí... ìbẹ̀rù ni o! Ìbẹ̀rù lásán ni, bí ó ṣe máa ń ṣe olè tí wọ́n ká mọ́ inú ilé. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ń gbọ̀n báyẹn, a kì í bi í bóyá ẹ̀rù ló ń bà á. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ké Mímọ́! ó sáré wọlé lọ mú agogo, ọkọ mi ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó ní Olúwa, kí ni Ẹ̀mí wí? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀... mo wọlé. Mo ní Ẹ̀mí ní kí a pa ìwé náà dé, kí ẹnikẹ́ni má kà á nínú ilé yìí títí Òun yóò fi sọ̀rọ̀. Lérò tèmi, tí ojú Bọ́lá bá ti là, màá ní Ó ti sọ̀rọ̀, ó parí.

Àṣé kò parí. Ọkọ mi ò tiẹ̀ jẹun, ó gba ilé Wòlíì lọ. Wòlíì wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má torí tèmi bú u. Ó ní òun náà ti ń gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ yẹn, Ọlọ́run fẹ́ gba ògo lórí rẹ̀, kí ìwé wà ní pípadé títí di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Wọ́n di gbogbo ìwé Bọ́lá sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ pẹ̀lú ìgò omi. Kí ọmọ máa gbààwẹ̀ dọ́sàn-án, kó máa lọ gbàdúrà lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ là. Àpólò kì í kúkú pẹ́ lójú, ojú àwọn ọmọ yòókù náà là, kò sẹ́ni tó ríran sí wọn, àmọ́ ní ilé tiwa ó ti di ẹ̀rí. Wọ́n pè mí jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n kọrin, wọ́n jó, èmi náà jó.

Tíṣà rẹ̀ wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ó ní òun ò rí Bọ́lá ní lẹ́sìnnì ọ̀sán mọ́, ó sì wà lára àwọn tí òun fọkàn sí. Ọkọ mi sọ fún un pé Ọlọ́run ò nílò lẹ́sìnnì. Ó wò wá títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Màámi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i.” Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó lọ tán, mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún débi pé ẹ̀bà tí mò ń tẹ̀ dì.

Mo gbìyànjú o, ẹ má rò pé mo kàn jókòó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Àjíǹde, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbọ̀n. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Gbígbọ̀n náà ò tiẹ̀ dára tó tàkọ́kọ́ tí mi ò mọ̀ọ́mọ̀ gbọ̀n. Mo ké pé Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣí ìwé. Wòlíì ní Ẹ̀mí kì í pa ohùn dà, ọ̀tá ló fẹ́ gba ẹnu mi ba iṣẹ́ jẹ́, ó ní kí wọ́n da omi lé mi lórí, kí èmi náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Irọ́ mi ni wọ́n gbà gbọ́, ìgbà tí mo fẹ́ tún un ṣe ni wọ́n ní mò ń parọ́! Ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé ọmọ ni, ó yẹ ká rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo wá mú Bọ́lá lọ sí abẹ́ kòkó, bíi pé igi la fẹ́ ṣẹ́. Mo ní kó lọ yá nóòtù ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó máa yọ́ ọ kà níbẹ̀, èmi á máa ṣọ́ ọ̀nà fún un, Ọlọ́run ò ní bínú. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, torí òun ló ń sunkún ìwé ní ìjọ́sí. Ó dì mọ́ mi. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ọ̀tá yẹn ló tún ń dà mí láàmú. Ó ní, “Màámi, ká ní Wòlíì nìkan ló rí i ni, mi ò bá ti wá ìwé kà tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ ò parọ́ fún mi rí.” Ó ní òun ti kó gbogbo ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá òun tó ṣẹ́ kù nílé ìwé fún ọ̀rẹ́ òun, torí òun ò ní nílò wọn mọ́. Ó wá ṣẹ́ igi, ó gbé e rù, ó ń kọrin lọ níwájú mi. Ọkàn ọmọ náà balẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ló ń pa mí!

Tí mo bá jẹ́wọ́, mo mọ̀ pé ọkọ mi á ní kí n máa lọ bá àwọn èèyàn mi l'Ówènà. Mo mọ ohun tí ìjọ máa sọ, mo mọ ìtàn Ananáyà àti Sàfírà tó kú torí wọ́n parọ́ fún Ẹ̀mí, Bíbélì yẹn wà lórí mi. Ẹ gbọ́, mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni Bọ́lá. Yóò jókòó, yóò máa rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi dojú kọ ògiri, tó ń ka ìwé fún mi, tí mò ń sọ pé ó pé, tí mi ò mọ̀ bóyá ó pé. Ṣé kò ní máa ṣiyèméjì lórí gbogbo ohun tó mọ̀? Ṣé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú báyẹn lè kọ ìdánwò? Tàbí mò ń fi tiẹ̀ bojú ni, tó jẹ́ pé ara mi ni mò ń gbà sílẹ̀? Ọkùnrin tó ń bá mi kọ̀wé yìí ti gbé bírò kalẹ̀, ó ní kí n má dúró de ìwé ìròyìn kankan, kí n wọ mọ́tò báyìí, kí n lọ sọ fún ọmọ náà. Mo ní kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, kó máa kọ ọ́. Ó mú bírò, ṣùgbọ́n kò wojú mi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìjọ bíi tiwa, ẹ bá mi dá sí i, àmọ́ kó tètè yá, oṣù kẹfà ò jìnnà. Ṣé kí n sọ fún un, kó ríwèé kà, kó má sì pè mí ní màámi mọ́? Àbí kí n dákẹ́, kó máa fẹ́ràn mi lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù, kó jókòó, kó ṣí ìwé ìbéèrè, kó pa ojú dé, kó máa dúró de Ẹ̀mí tí èmi alára ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí?