A Ti Ṣílẹ̀kùn fún Alátùpà

Alákọ̀wé mi, ọdún márùn-ún rèé tí o ti lọ. Ọdún márùn-ún! Ó dà bí àná tí o yọ orí lójú fèrèsé, tí o ní kí n dín ariwo ayùn mi kù, pé àwọn Kristẹni rẹ ń sá pamọ́, pé èmi ni màá jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun mọ ibi tí wọ́n wà.

Ohun púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ, ayọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àkọ́bí wa, ti bímọ! Obìnrin ni. Orí rẹ ló gbé wá, irú ojú tí o máa ń fi wò mí ló sì fi ń wò mí bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n dání. Àbúrò rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ti ń tún fíríìjì ṣe. Fíríìjì tiwa nílé ṣì ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, a sì ti sọ fún un títí. Mo parí àtẹ̀gùn òkè náà, èyí tí o máa ń sọ pé ó dà bí ìlérí olóṣèlú, tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí kò dé ibì kankan. Ó ti dé òkè báyìí. Ó dùn mí pé o ò gùn ún.

Ìwé rẹ náà ti jáde! Ṣé o gbọ́? Ìwé rẹ ti jáde! Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bó ṣe jáde, jẹ́ kí n sọ irú òǹkọ̀wé tí o jẹ́ fún àwọn tí wọ́n á ka ìrántí yìí tí wọn ò mọ̀ ọ́.

Nígbà tí o fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ọ̀rọ̀ àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ ni o gbájú mọ́: àwọn tí ọba ayé ìgbà náà ń dọdẹ, tí wọ́n ń pàdé nínú ilé ara wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yàn láti kú dípò kí wọ́n sun tùràrí sí ère ọba. O ní ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n o ò ní purọ́ sínú rẹ̀. Ohunkóhun tí a kò bá tíì dán wò nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ wọnú ìwé rẹ.

Ìdánwò rẹ! Ta ni yóò gbàgbé? Nígbà tí o fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn mẹ́ta lè kọrin nínú ilé kí ará ìta má gbọ́, o tì wá mọ́ yàrá tí a ń kó ẹrù sí, ìwọ sì lọ dúró lójú títì. Kí o tó padà dé, télọ̀ tó wà ní òdìkejì ilé wa ti já wọlé. Ó rò pé à ń kérora ni, ó sì ti ń gbàdúrà ìwòsàn lé wa lórí. O wá kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò kọrin rárá, ètè lásán ni wọ́n ń mì.

Nígbà tó kan orí ẹ̀wọ̀n, o fi okùn tí a fi ń sá aṣọ dè mí mọ́ àga, o ní kí n mu omi, kí o lè rí bí ife yóò ṣe yí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dè. Àfi bí oníbàárà tó wá gba kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe yọjú. Ó wò mí, ó wò ọ́, ó yí padà. Nígbà tó padà wá gba ẹrù rẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa tètè fún ìyàwó yín lówó oúnjẹ."

Ìparí ìwé yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Opó kan wà níbẹ̀, ahunṣọ ni, ilé rẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń pàdé. Wọ́n mú ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n ní kó sun tùràrí sí ère ọba, ó kọ̀, wọ́n pa á. Wọ́n mú Alátùpà pẹ̀lú, onígbàgbọ́ kan tó ń ta àtùpà fún gbogbo àdúgbò. Òun dúró níwájú ère, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sun tùràrí, ó ní òun ò mọ Kristi, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, inúnibíni rọlẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Alátùpà wá sílé ahunṣọ. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni o dé tí àìsàn fi gba bírò lọ́wọ́ rẹ. Ó kan ilẹ̀kùn! O fi ọkùnrin ọlọ́kùnrin sílẹ̀ níta, o sì lọ.

Alákọ̀wé, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí kì í ṣe kékeré. Nọ́ọ̀sì ní ahunṣọ ò gbọdọ̀ ṣí i: olóòótọ́ ni ọmọ rẹ̀, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí i, kí ni ẹni tó sẹ́ Olúwa rẹ̀ tún ń wá kiri? Onífíríìjì ní kó ṣí i: ẹni tí kò sí ẹni tó ń lé e, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá, ṣé kò sí òótọ́ kankan nínú òun náà ni? Atẹ̀wé tó fẹ́ gbé ìwé náà jáde ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ, kí àrá sán pa Alátùpà lẹ́nu ọ̀nà, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fáwọn ọ̀dọ́. Mo ní a dúpẹ́, kó ṣì máa fi àrá rẹ̀ pamọ́ ná.

Ohun tí èmi ń fẹ́ kò ju pé kí ìwé rẹ parí bí ìwọ ì bá ṣe parí rẹ̀. Káfíńtà ni mí. Mo lè parí àga tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀, torí mo lè wọn ẹsẹ̀ tó ti gbẹ́. Ta ni yóò wọn ohun tó wà nínú rẹ?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò fẹ́ sọ fún ọ láwọn ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti dáa báyìí, màá sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọ́ ni ìyá rẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ìwé yìí ló jẹ ọ́ run, ó ní èmi ni mo kan tábìlì tí o jókòó tì títí àìsàn fi ká ọ mọ́ ibẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ọmọ rẹ̀ ló kú. Mo ń lọ kí i, mo ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ògiri ló sì ń dá lóhùn. Èmi àti ògiri yẹn ti di ojúlùmọ̀.

Báyìí la wà títí Nọ́ọ̀sì fi bímọ. Màmá gbà láti wá wo ọmọ, ṣùgbọ́n ó la àdéhùn sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní kí òun bá mi sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ìwé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Òun àti ọmọ wà ní yàrá ẹ̀yìn, àwa wà ní pálọ̀, ìjà ilẹ̀kùn sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ni Onífíríìjì bá ní, "Kí ló dé tí a ò ṣe é bí Mọ́mì ṣe máa ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Wọ́n ní èmi ni Alátùpà. Wọ́n ní o ti sọ fún wọn tipẹ́ pé orúnkún mi ni o yá fún un. O ò sì sọ fún èmi tí mo ni orúnkún! Mo jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì jókòó bí ahunṣọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá gbà á, kó ṣí i. Bí kò bá gbà á, kó jókòó síbẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo tún kàn án. Ni òjò bá dé, kì í ṣe òjò wínníwínní o, òjò gidi!

Télọ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ni?" Mo ní rárá, àforíjì ni mò ń tọrọ. Ó ní, "Kí lẹ ṣe?" Mo ní kì í ṣe èmi ni mo ṣe é. Ó ní, "Gbogbo ọkùnrin ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ó sì pa fèrèsé rẹ̀ dé.

Mo ti há ọ̀rọ̀ Alátùpà sórí tẹ́lẹ̀, ẹ̀bẹ̀ gígùn tó dùn létí. Òjò gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé òtútù ń mú mi, kò sí ìdí mìíràn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé. Mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì ń sọ pé, "Màmá, ẹ dúró ná, ẹ má tíì ṣí i." Mo gbọ́ ìdáhùn, "Kí lẹ ń dúró dè? Ṣé ẹ ò gbọ́ òjò ni?" Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá rẹ ni, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ lé èjìká.

Ó wò mí, èmi náà wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọlé. Kí lo dúró ń wò?" Ó fa aṣọ ìnura yọ lórí àga, ó jù ú lù mí láyà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ìgbà tí o ti lọ nìyẹn! Mo wọlé. Mo fi aṣọ ìnura bo ojú, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì purọ́ pé omi òjò ni.

Ó bèèrè ohun tí à ń ṣe. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì sọ fún un. Mo rò pé yóò bínú lọ ni. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n ka ibi tí ọkùnrin náà dé fún òun. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó gbé ọmọ sí èjìká kejì. Ó wá ní, "Ọmọ ahunṣọ yẹn, ṣé wọ́n pa á lóòótọ́?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kó ṣí i. Àmọ́ kó má rẹ́rìn-ín sí i o. Kó jẹ́ kó wọlé, kó wá bínú sí i nínú ilé."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Nọ́ọ̀sì kọ ọ́, àti òun tó ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣí i! Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a ti tò sí Alátùpà lẹ́nu la yọ kúrò. Ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ahunṣọ fún un ní aṣọ gbígbẹ láìsọ̀rọ̀, ó sì fi ibi tí yóò jókòó hàn án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó tán. Atẹ̀wé ní ó ti kúrú jù, kò sì sí àrá níbẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá ti wá gbọ́ ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá, Nọ́ọ̀sì ń kà, òun ń bá àwọn èèyàn inú ìwé jà. Ó ti bú ọba ìgbà náà débi pé ojú ń ti èmi. Ó sì ń bú èmi náà bí mo bá gbàgbé láti fi ṣúgà sí tíì rẹ̀, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn.

Alákọ̀wé mi, ọdún márùn-ún rèé, kò sì sí ọjọ́ tí ilé yìí ò wá ọ. A fẹ́ràn rẹ. A ṣì ń fẹ́ràn rẹ! Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìyá rẹ yóò bá wa dá sí ìrántí rẹ. Ó jókòó tì mí báyìí, ó ní kí n kọ tòun bí òun ṣe sọ ọ́, kí n má fi ẹnu dídùn bà á jẹ́:

"Ọmọ mi, ìwé rẹ dára. N kò jẹ́ kí o kà á fún mi nígbà tí o wà láyé, mo rò pé ó fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó dára gan-an. Àárò rẹ ń sọ mí."