Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí fún Sakinath

Àjàṣẹ́, ilé Akron

Ẹ̀gbọ́n mi Mouhamed,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Libreville. Ara ìyá wa ń yá díẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé. A ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé.

Eré ọkọ̀ ojú omi gígùn tó ní orí dírágónì ti gbilẹ̀: láti Kútọnu dé Lọ́mẹ̀, ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ń díje. A sáré kó àwọn ọmọ tí yóò tukọ̀ jọ kí wọ́n má bàa fi wá sílẹ̀.

Lórí fóònù, mo ní ìgbì ló dojú ọkọ̀ Sakinath ọmọ yín dé. Òótọ́ ni, àmọ́ n kò sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, olùkọ́ wọn bi mí pé: «Tọ́ntọ́n Daouda, ṣé ọmọ yìí mọ odò wẹ̀?» Mo rẹ́rìn-ín: «Ọmọ Àjàṣẹ́! Ṣé wọ́n ń bi ẹja bẹ́ẹ̀?» Sakinath náà rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé wọn pé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹni tí a bá kọ bẹ́ẹ̀ fún kì í wọ ẹ̀wù ìléfòó tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Tokpota, tó jìnnà sí ọ̀sà, lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó yín, ló dàgbà sí. N kò bi í léèrè.

Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kí ó sì tu ìyá rẹ̀ nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún ìyá wa. Èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́. Bí ẹ kò bá pè mí mọ́, n ó mọ ìdí rẹ̀.

Àbúrò yín,
Daouda