Òkùnkùn Inú Ìpín Karùn-ún

Nínú ṣọ́ọ̀bù,
Ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Igbákejì Ọ̀gá-Ọkọ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹ̀yin méjèèjì kú iṣẹ́. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí ìdúró níbi tí o ti ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan kiri láàárọ̀. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Ara ìyá rẹ le koko. Èmi náà le, àyàfi ibì kan tí màá sọ fún ọ láìpẹ́. Bí o bá rí i pé ìlà kan gun orí èkejì, má bínú, fi sùúrù kà á. Bírò tó nípọn ni mo fi ń kọ ọ́, ìyá rẹ sì jókòó tì mí, ó ń gbé rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jéléósinmi.

Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi ò pè. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ti kọjá tí fóònù kò dún láàárín wa, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, kò sí Ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í fi odidi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ará Òfurufú, eré orí tẹlifíṣọ̀n wa yẹn. Èmi ni mo gé fóònù mọ́ ọ létí, èmi ló sì yẹ kí n pè. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bébà kì í wo ojú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi sá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ̀wé láti bẹ̀ ọ́. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpín tó kẹ́yìn, n kò sì fẹ́ kí ó bá wa nínú ìjà.

Kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn àwọn ará orí bẹ́ǹṣì, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè rẹ. Òfin tí o ṣe nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ṣì múlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù: tẹlifíṣọ̀n tí mo bá tún ṣe kò gbọdọ̀ padà sílé títí yóò fi gbé Àwọn Ará Òfurufú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣẹ́jú. O ní bó bá lè gbé ọkọ̀ òfurufú inú eré yẹn, kò sí ohun tí kò ní lè gbé. Nítorí náà, tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bẹ́ǹṣì á kún, ẹni tí kò tilẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ mi náà á ní òun wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Ọ̀wọ́ tuntun eré yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dúró sẹ́yìn lórí ìràwọ̀ pupa ní ìpín kẹta kí àwọn yòókù lè ráyè sá, tí wọ́n sì fa ọkọ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ́wọ́, aránṣọ òdìkejì títì kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀gá wo ló ń wa ọkọ̀ tí yóò máa bi ẹni tó ń gbálẹ̀ pé ọ̀nà wo ni ká gbà. Ó tún ní ní ìpín kẹrin, aṣọ ọmọ náà ya léjìká, kó tó yíjú padà aṣọ ti lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kò rí abẹ́rẹ́ kankan nínú ọkọ̀. Onígbàjámọ̀ ní ọ̀gá tó ń béèrè ló ń pẹ́ lórí oyè, pé òun náà kì í fi abẹ kan orí ẹnikẹ́ni láìbéèrè. Aránṣọ wo orí mi, ó wo onígbàjámọ̀, ó ní ó dájú pé kò béèrè lọ́wọ́ orí tèmi.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣì ń mú ìwé rẹ̀ wá, èyí tó fi ń kọ àṣìṣe wọn sílẹ̀. Ó ti kọ méjìlélógójì. Ariwo ló ń bí i nínú jù. Ó ní níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, ìbọn wo ló ń dún gbàù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Onírin, ẹ̀rọ tó dà bí ènìyàn yẹn, sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún, ṣùgbọ́n òun lè jókòó ti ẹni tó ń sunkún, Tíṣà pa ìwé dé, kò sì kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ti ìyá rẹ, ìdájọ́ rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ọdún kejìlélógún rèé tí àwọn ènìyàn yẹn ti ń rìn lójú ọ̀run, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Èmi ńkọ́? O mọ ẹjọ́ tèmi. Láti ìpín kejì ni mo ti ń pariwo pé àwọn tó ń ṣe eré yìí ti ń ṣahun iná, pé òkùnkùn ti pọ̀ jù. Lójú mi, inú ọkọ̀ dà bí yàrá tí wọ́n gbàgbé láti tan iná sí. Nígbà tó fi máa di ìpín karùn-ún, tí wọ́n wọ inú ihò ìràwọ̀ tó ti kú, n kò rí nǹkan kan mọ́ ju eérú lọ. Mo ń gbọ́ tí gbogbo bẹ́ǹṣì ń mí kanlẹ̀, aránṣọ ń fi etí aṣọ nu ojú, mo sì rò pé orin ni wọ́n ń gbọ́ tí ẹkún fi ń gbọ̀n wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì lo wá pè mí tayọ̀tayọ̀. O ní ihò yẹn ló rẹwà jù nínú gbogbo ohun tí o tíì rí láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀, pé ògiri rẹ̀ ń dán, àwọ̀ ewé lápá kan, àwọ̀ wúrà lápá kejì, pé Onírin fọwọ́ kàn án, àwọ̀ náà sì ràn mọ́ ọn lára. Mo ní irọ́ ni, òkùnkùn ni. O rọra ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo ojú yín.” Kí ni mo fi dá ọ lóhùn? Mo ní ẹni tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógójì lo fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán. Mo ní ojú tèmi kọ́ ló bàjẹ́, ìwọ ni kò mọ ohun tó dára mọ́ láti ìgbà tí o ti di ará ibòmíràn. Mo sì gé fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà.

Ohun tó tẹ̀lé e yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín, mo sì fún ọ láyè kí o rẹ́rìn-ín. Nítorí pé mo ti pinnu pé eré ló ṣókùnkùn, gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè kí n tó dá a padà. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta padà wá. Tíṣà ní ojú ẹni tó ń ka ìròyìn ti funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Mo tú u, mo pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ nínú rẹ̀, mo tún fa ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó wù mí, mo ní kó máa gbé e lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún gbé e dé. Ó kàn wọ awò dúdú tí wọ́n fi ń sá fún oòrùn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí mi.

Aránṣọ ló sọ ojú abẹ níkòó. Ní Sátidé ìpín keje, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdì òwú méjì sórí tábìlì iṣẹ́ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí mo fi ń jó òjé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé.” Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo méjèèjì, àwọ̀ eérú ni méjèèjì. Mo mú ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́ sorí kodò. Aránṣọ mú ìdì tó kù, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, “Èyí ni, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí ẹ mú, àwọ̀ wúrà ni.” Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà, ọmọ mi. Àwọ̀ tí o rí nínú ihò náà gan-an. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ìyá rẹ fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Mo ti gbọ́ bí ẹni tó ṣáájú mi ṣe kà á, mo ti há a sórí, mo sì kà á já geerege láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti yí i padà.” Ìyá rẹ ní òun kò mọ̀ mí rí. Dókítà wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, ó sì ti ń bọ̀ tipẹ́. Ojú ọ̀tún ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó nírètí nínú ìyẹn. Ní ti òsì, ó ní mo ti pẹ́ jù kí n tó wá, òun kò lè ṣèlérí. Bí ọ̀tún kò bá wá yọrí sí rere, ọmọ mi, a jẹ́ pé mo ti tún tẹlifíṣọ̀n ìkẹyìn mi ṣe nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ ni, n kò sọ ọ́ kí o lè sunkún.

Mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo lò lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ lo bá mi sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lo sì fi sọ ọ́, èmi fi ìgbéraga dá ọ lóhùn. Ọmọ tí mo bí ríran jù mí lọ, ó yẹ kí inú mi dùn.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Ìpín kẹwàá, èyí tó kẹ́yìn, yóò bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ náà. Bándéèjì yóò wà lójú mi ọ̀tún, òsì kò sì lè dá rí nǹkan kan. Àwọn ará bẹ́ǹṣì ní àwọn yóò máa ròyìn fún mi bó ṣe ń lọ. Mo kọ̀. Aṣọ nìkan ni aránṣọ yóò sọ fún mi, onígbàjámọ̀ yóò máa gbè sẹ́yìn ọ̀gá tuntun, Tíṣà yóò sì máa ṣàtúnṣe àwọn méjèèjì títí eré yóò fi parí.

Ṣé o rántí tẹlifíṣọ̀n tí a kọ́kọ́ ní nílé? Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ń tún ti gbogbo àdúgbò ṣe, tèmi ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní àwòrán, ó sì tó ọdún kan kí n tó ráyè tú u. A máa ń jókòó síwájú gíláàsì dúdú náà, èmi Ọ̀gá-Ọkọ̀ àti ìwọ igbákejì mi, ìwọ á sì máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi. “Bàbá mi, ọkọ̀ ti yà sọ́tùn-ún o. Bàbá mi, Ìyá Àgbà ti dìde, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa.” Ìgbà tí mo wá tún un ṣe tán, tí àwòrán jáde, a rí i pé bàtà Ìyá Àgbà dúdú. O wò ó títí, o ní àwọn tó ń ṣe eré náà ló ṣe àṣìṣe. Mo gbà ọ́ gbọ́. Títí di òní yìí, pupa ni mo ń rí i.

Nítorí náà, bí ó bá ṣeé ṣe, máa bọ̀. Bí iṣẹ́ kò bá gbà ọ́ láyè, pè mí ní aago márùn-ún, kí o sì máa sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá ní ó mọ́lẹ̀, màá gbà. Bí o bá ní ó ṣókùnkùn, màá gbà. N kò ní jiyàn.

Ojú rẹ yóò máa rí ire. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwọ àti ọkọ rẹ yóò gbó, ẹ ó tọ́, ẹ kò ní fi ojú sunkún ara yín. Bí o ṣe jẹ́ ojú fún mi nígbà tí o wà lọ́mọdé, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò jẹ́ ojú fún ọ nígbà tí o bá dàgbà.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì jẹ̀bi,
Ọ̀gá-Ọkọ̀.

Mo tún rántí: nígbà tí a wá kí yín kẹ́yìn, èmi ni mo ṣètò tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ yín. Ọkọ rẹ bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lánàá, ó ní láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ta àwọn, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí òun bá mú rìmóòtù láti dín ìmọ́lẹ̀ náà kù, o máa ń ní, “Ẹ fi sílẹ̀, bàbá mi ló ṣètò rẹ̀.” Ọmọ mi, ẹ dín in kù. Ẹ dín in kù dé ìdajì, lónìí.