Òkìtì Tí Bàbá Mi àti Bàbá Láwàl Jà Lé Lórí

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejìlá, 1990

Ọlidé dé fún àwa tíṣà, ìsinmi ò dé. Dókítà Ọlájídé láti yunifásítì, tó ń wá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, ti gbà mí síṣẹ́ akọ̀wé: ohunkóhun tí wọ́n bá hú jáde ní ahoro, èmi ni màá kọ nọ́ńbà sí i. Kò ju mí lọ, àmọ́ ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbálẹ̀ bí ẹni tó ń fọ eyín ọmọdé. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ni mo sọ ọ́. Inú ìwé yìí nìkan o.

Òkìtì tó wà láàárín oko wa àti oko Bàbá Láwàl, ní ọ̀nà Ilora, ni wọ́n ń gbẹ́. Bàbá ní ààfin baba ńlá wa ló wó síbẹ̀. Bàbá Láwàl ní irọ́ ni, ààfin baba ńlá tiwọn ni. Láti 1971 ni wọ́n ti gbé e dé kóòtù. Kóòtù ti gbàgbé. Àwọn ò gbàgbé. Wọn kì í kí ara wọn mọ́, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Bàbá gbé àga kalẹ̀ sí apá kan kòtò. Bàbá Láwàl gbé tiwọn sí apá kejì. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ohun ìní. Bàbá ní kí n sọ fún Fàsílátù, ọmọ Bàbá Láwàl tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, kó sọ fún bàbá ẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọ̀pá wọn kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Mo sọ fún Fàsílátù. Fàsílátù sọ fún bàbá ẹ̀, tí wọ́n ti gbọ́ kí n tó lanu. Èsì gba ọ̀nà kan náà padà. Ìgbà mẹ́rìnlá lónìí. Mo kà á.

Ọjọ́rú, 19

Ọyẹ́. Ètè mi ti bẹ́. Àpáàdì, àpáàdì, àpáàdì.

Ọjọ́bọ̀, 20

Egungun ẹran, ìkarahun ìgbín. Bàbá ní àsè ọba ni. Ọ̀sán — ìkòkò tábà amọ̀ kan, ẹnu ẹ̀ ti kán. Bàbá ní ọba ló ń fi mu tábà. Bàbá Láwàl ránṣẹ́ pé lóòótọ́ ni, ọba ni, àmọ́ ọba tiwọn. Àbọ̀dé tó ń gbẹ́lẹ̀ bá ní kí lọba ń fi ìkòkò tábà tó kán ṣe. Àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ bá a wí. Láti 1971, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Ọjọ́ Kérésì

Mo bu ìrẹsì. Bàbá jẹ díẹ̀, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, abọ́ àkọ́kọ́, ilé Bàbá Láwàl ló ń lọ. Tó bá di Iléyá, itan àgbò á dé. Gbogbo ẹ̀ ló parí.

Lásìkò òjò tó kọjá, Bàbá Láwàl dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù kan. Oúnjẹ ò wọ Bàbá lọ́fun. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé kí ni mo gbọ́ nípa "àwọn èèyàn yẹn". Wọn ò sì lọ. Ó ń bí mi nínú. Kò sí ààfin kankan lọ́kàn tèmi: mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò rí ògiri. Kò rí ilẹ̀ ilé tí wọ́n lù. Eérú, èèpo èkùrọ́, egungun, àpáàdì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ààtàn ni." Inú ẹ̀ ń dùn! Ó ní ààfin lè purọ́, ààtàn kì í purọ́, ohun tí èèyàn jẹ ló wà níbẹ̀. Ó ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn sọ fún wọn.

Ọdún mọ́kàndínlógún. Lórí ààtàn. Mo wọgbó lọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹkún ni mò ń sun.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mi ò sọ ọ́. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo sọ ọ́. Fàsílátù dúró tì mí. Bàbá Láwàl ń ka tẹ̀sùbáà, ó jọ pé wọn ò mọ iye tí wọ́n ti kà mọ́.

Bàbá wúkọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún Fàsílátù kó sọ fún bàbá ẹ̀ pé àwọn ò fìgbà kan jẹ́ oníjà. Bí wọ́n bá fẹ́ òkìtì wọn, kí wọ́n máa mú un lọ.

Bàbá Láwàl fèsì pé ẹni tó bá mọ ìtàn mọ̀ pé ilé Obadiah, ìyẹn Bàbá mi, ló ni ín. Àwọn kàn ń bá wọn ṣọ́ ọ ni.

Ẹ wo àwọn àgbà!

Ọjọ́ Ajé, 31

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì gbé fọ́ọ̀mù dé: onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè kó gbogbo ohun tí a hú lọ. Mo gbé e lọ sódìkejì, Fàsílátù gbé e padà. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, ó wò mí. Mo ní ẹnu ń ro wá, a ń lọ pọn omi. A fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún wọn. Abẹ́ igi kajú ẹ̀bá kòtò la jókòó sí, níbi tí a ti ń gbọ́ wọn. A ò pọn omi kankan.

Lẹ́yìn náà, Bàbá Láwàl ní ilé àwọn kì í jẹ ìgbín — kí a wo ìkarahun ilẹ̀ yẹn, ká wá sọ ẹni tó ni ààtàn. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́.

Bàbá ò dúró dè mí. "Láwàl, ta lò ń parọ́ fún? Ta ló jẹ ìgbín mi tán lọ́dún tí òjò ká wa mọ́ abà, tó fìka nu ìkòkò?"

Bàbá Láwàl ní ebi ló ń pa àwọn. Àti pé Obadiah ò mọ ìgbín sè, iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù.

"Iyọ̀ pọ̀ jù, o wá nu ìkòkò?"

Fàsílátù di ọwọ́ mi mú, ó ń dùn mí, mi ò gbà á padà. A gbọ́ tí wọ́n ń jà, wọ́n ń jà, ó di pé ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èwo ni. Nígbà tí a jáde, orúkọ méjèèjì ló wà lórí fọ́ọ̀mù.

Èmi àti Bàbá forí lé ilé. Ní ẹsẹ̀ odò, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Adéjọkẹ́, ìgbà wo ni Láwàl gbó tó báyìí?"

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọjú síra wọn. Mo ní ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá.

Wọ́n ní, "Èmi náà ń kọ́?"

Mo di apá wọn mú, a sọdá.