Yàrà, Kì í Ṣe Yàrá

Bàámi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àná ni mo ti Oǹdó padà sí Àkúrẹ́, níbi iṣẹ́ olùkọ́ mi. Ìsìn ìrántí ọdún kan tí ẹ ti lọ ni a ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni mo kọ ewì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìsìn. Mo pè yín ní yàrà tó yí ilé wa ká. Ṣé ẹ rántí? Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí lọ́nà oko, kòtò gígùn tí àwọn baba ńlá yín gbẹ́ yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé. Ẹ ní ògiri máa ń hàn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀tá kì í rí yàrà títí yóò fi dé etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí n lọ sílé ọkọ, ẹ ò jà, ẹ ò pariwo. Ẹ kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, "Ọmọ mi ń kàwé." Ó yípadà lọ.

Àwọn tó tẹ ìwé náà ò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ̀gbọ́n yín yìí kan náà ni wọ́n sì ní kó ka ewì náà. "Yàrá" ló pè é. Báwo ni yàrá ṣe ń yí ilé ká? Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde kí n tún un ṣe, ó fọwọ́ júwe pé kí n jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ kí i níta, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Ta ló tún ń pe ìyẹn ní yàrà?" ló dá mi lóhùn. "Kòtò ni."

Bàámi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dàgbà létí yàrà yẹn. Ṣé ó ti gbàgbé ni, àbí kò fẹ́ gbọ́ ohun tí mo fi pè yín?

Láàárọ̀ yìí, mo kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì, mo fi àmì méjèèjì sí i dáadáa. Ọmọbìnrin kan béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ti ogun fún un, kí n sọ tiyín. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, inú sì ṣì ń bí mi. Mo ní kòtò ni. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, n kò sì dá a dúró.

Ẹ foríjì mí.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí yín.